Bí Etíkun Bá Mọ́, Ṣé Omi Ọ̀sà Náà Ti Mọ́?

Lọ́dọọdún, ní Sátidé kẹta oṣù kẹsàn-án, àwọn èèyàn máa ń kóra jọ sí etíkun Èkó, bí wọ́n ti ń ṣe ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á fa àpò lọ́wọ́, wọ́n á máa ṣa ike àti ọ̀rá títí oòrùn á fi mú. Kò ní pẹ́, òjò á rọ̀, ìdọ̀tí á tún kún ibẹ̀ bámú. Ọ̀rọ̀ á wá di méjì. Àwọn kan á ní iṣẹ́ àṣedànù ni, pé torí fọ́tò ni wọ́n ṣe wá. Àwọn mìíràn gbà pé níwọ̀n ìgbà tí iyanrìn ti mọ́, omi náà ti mọ́ nìyẹn, ọmọ lè wọ inú rẹ̀ lúwẹ̀ẹ́. Èrò kejì yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó bá gba ti àkọ́kọ́ gbọ́, ilé rẹ̀ ni yóò jókòó sí. Ẹni tó bá gba èkejì gbọ́ lè kó àìsàn wálé.

Iṣẹ́ méjì ni ṣíṣa etíkun àti títún omi ṣe. Wọ́n jọ tan mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì.

Kí ni ọ̀sà, kí sì ni ẹnu odò?

Òkun ni omi iyọ̀ ńlá tí ojú kò rí òdìkejì rẹ̀. Odò ni omi aláìníyọ̀ tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè. Ẹnu odò ni ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, tí omi wọn ń dà pọ̀. Ọ̀sà Èkó, omi fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí a máa ń wò láti orí afárá Third Mainland, irú ibi bẹ́ẹ̀ ni. Ó gùn ju kìlómítà 50 lọ, ṣùgbọ́n kò jìn: ní ibi púpọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pá atukọ̀ máa ń kan ìsàlẹ̀.

Odò Ògùn tó gba Abẹ́òkúta kọjá ń tú sínú rẹ̀. Odò Ọ̀ṣun tó gba Òṣogbo kọjá ń tú sínú ọ̀sà Lekki, ọ̀sà Lekki sì so mọ́ ti Èkó. Ní ìhà òkun, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí kì í dí ló wà ní agbègbè Èkó, òun ni ojú omi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ èbúté Àpápá. Ibẹ̀ ni òkun ń gbà wọ ọ̀sà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ibẹ̀ náà ló sì ń gbà fà padà. Lásìkò òjò, omi odò á borí, ọ̀sà á fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀ mọ́. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, òkun á gba ipò rẹ̀, omi á tún di oníyọ̀. Ẹja, edé àti akàn tó ń gbé ibẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fara dà á. Àwọn edé kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé inú ọ̀sà ni wọ́n ti ń dàgbà kí wọ́n tó jáde lọ sí òkun, torí náà ọ̀rọ̀ ọ̀sà kan ẹni tó ń dẹ àwọ̀n sí òkun pẹ̀lú.

Èyí ló fà á tí ọ̀rá tí wọ́n jù sí gọ́tà ní Agége fi mọ ọ̀nà etíkun. Òjò á gbé e dé kánààlì, kánààlì á gbé e dé ọ̀sà, òkun tó ń fà padà á sì wọ́ ọ jáde.

Ta ló da ìdọ̀tí sí etíkun?

Ọ̀pọ̀ máa ń dá àwọn tó wá ṣe fàájì lẹ́bi, àwọn tó jẹ súyà tán tí wọ́n fi bébà rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n jẹ̀bi tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú àpò àwọn tó ń ṣa ilẹ̀ dáadáa: sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, igi òwú tí a fi ń nu etí, ike ọṣẹ, ìdérí ìgò, àwọ̀n ẹja tó ti já. Kò sí ẹni tó gbé irú igi òwú bẹ́ẹ̀ lọ síbi fàájì. Omi ló gbé wọn dé. Bí ẹ bá sì rí ike tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké oníkarawun ti lẹ̀ mọ́ lára, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ẹ mọ̀ pé ike náà ti pẹ́ nínú omi kí ó tó gúnlẹ̀.

Ìgbì òkun wa kì í kọlu etíkun lójúkojú. Ìdágẹ̀rẹ́ ló fi ń wá, ó sì ń ti iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Láti 1908 ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté, kí iyanrìn má bàa dí ọkọ̀ lọ́nà. Iyanrìn wá ń jọ sí apá ìwọ̀ oòrùn òkúta náà, òkun sì ń jẹ apá ìlà oòrùn. Bí Bar Beach ṣe ń tán lọ nìyẹn kí wọ́n tó kó iyanrìn dí ibẹ̀ láti fi ṣe Eko Atlantic. Ìgbì kan náà tó ń ti iyanrìn yìí ló ń ti ike. Nítorí náà, etíkun tí ẹsẹ̀ èèyàn kò pọ̀ níbẹ̀ lè dọ̀tí gan-an: kò sí ẹni tó da nǹkan síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń kó o.

Ìdọ̀tí tí ojú rí, àti èyí tí ojú kò rí

Ike ni ojú rí. Kì í jẹrà bí èpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Oòrùn á gbẹ ẹ, ìgbì á lù ú, á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́. Nígbà tó bá ti kéré ju mílímítà 5 lọ, ọwọ́ kankan kò lè ṣà á mọ́. Inú iyanrìn àti inú ẹja ni yóò máa gbé. Èyí jẹ́ ìdí kan pàtàkì tí ṣíṣa etíkun fi wúlò: ìgò kan tí a ṣà lódindi lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èérún ló jẹ́ lọ́jọ́ iwájú.

Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo ike inú ọ̀sà tán lálẹ́ òní, omi ibẹ̀ kò ní tíì dára. Ohun tó bà á jẹ́ jù kò ṣeé fi ọwọ́ mú.

Ìgbẹ́ ni àkọ́kọ́. Ilé tó pọ̀ jù ní Èkó ni kò ní páìpù tó ń gbé ẹ̀gbin lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Sọkawéè la ní, bó bá sì kún, ọkọ̀ agbẹ́gbin la ń pè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, etí ọ̀sà ní Ìddó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń tú ẹrù rẹ̀. Ẹ fi ti àwọn ilé tó kọ ojú páìpù wọn sí gọ́tà kún un. Láti mọ̀ bóyá ìgbẹ́ wà nínú omi, àwọn onímọ̀ kì í wá gbogbo àrùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bakitéríà kan tó máa ń gbé inú ìfun èèyàn àti ẹranko ni wọ́n ń kà, enterococci lorúkọ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ìjọba ni pé kí ìpíndọ́gba rẹ̀ má ju 35 lọ nínú mílílítà 100 omi òkun, èyí tí kò tó ife tíì kan, bí èèyàn bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Kò sí ojú tó lè ka 35 yẹn. Omi tó mọ́ gaara lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ọ́síjìn ló tẹ̀ lé e. Ẹja náà ń mí. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó ti wọ inú omi ni wọ́n ń mí sínú. Nígbà tí oúnjẹ jíjẹrà, ẹ̀jẹ̀ ilé ìpẹran tàbí lẹ́búlẹ́bú igi bá wọ omi, bakitéríà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, bí wọ́n sì ti ń jẹun ni wọ́n ń lo ọ́síjìn tó yẹ kí ẹja mí. Àwọn tó mọ Òkobàbà ní Ẹ̀búté Mẹ́ta nígbà tí ilé ìlagi ṣì kún ibẹ̀ yóò rántí òkìtì lẹ́búlẹ́bú tó wà ní etí omi. Bí ọ́síjìn bá dín sí mílígíráàmù 5 nínú lítà kan, ẹja tó pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà. Bó bá dín sí 2, èyí tó lè sá á sá, èyí tí kò lè sá á kú. Apẹja lè má mọ nǹkan kan nípa mílígíráàmù, àmọ́ ó mọ̀ pé ọ̀bọ̀kún àti ẹpìyà kò sí níbi tó ti ń pa wọ́n tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ajílẹ̀. Ìgbẹ́, omi ọṣẹ àti ajílẹ̀ oko tí odò kó bọ̀ láti òkè ń bọ́ ewéko inú omi ju bó ti yẹ lọ. Àpẹẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀ ni ewéko olódòdó àlùkò, water hyacinth, tó máa ń bo ojú omi lásìkò òjò, tó ń há mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Kì í ṣe ojú oró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà, àwọn méjì tí àwọn àgbà mọ̀ lórí omi. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilẹ̀ rẹ̀, ní 1984 ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí i lójú omi Nàìjíríà, ó gba ọ̀nà Porto-Novo wọ Badagry. Bí iyọ̀ bá ti padà dé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, á kú, á rì, á jẹrà, á sì tún jẹ ọ́síjìn kún èyí tó ti tán tẹ́lẹ̀.

Ṣé iṣẹ́ àṣedànù wá ni ṣíṣa etíkun?

Ẹ wo ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tó ń jò lójú omi Makoko. Ẹni tó ń fi igbá gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù kò dí ihò kankan, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́n ọn, ọkọ̀ á rì kí gbẹ́nàgbẹ́nà tó dé. Àwọn tó ń ṣa etíkun ló ń gbọ́n omi. Páìpù, ilé ìtọ́jú ẹ̀gbin, òfin àti ọkọ̀ ìkólẹ̀ tó ń dé lásìkò ni gbẹ́nàgbẹ́nà, ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ ló sì ni iṣẹ́ yẹn. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí ilé iṣẹ́ tó ń da omi àwọ̀ sí kánààlì ra fìlà àti ṣẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́jọ́ kan lọ́dún, kó sì ka èyí sí pé òun ti san gbèsè òun.

Odò Thames ní London, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, fi èyí hàn kedere. Ní 1957, àwọn onímọ̀ Natural History Museum kéde pé apá kan odò náà ti kú, pé ẹ̀dá kò lè gbé inú rẹ̀ mọ́. Ẹja ti padà síbẹ̀ báyìí, kì í sì í ṣe nítorí pé àwọn kan ṣa ike létí odò. Wọ́n tún àwọn ilé ìtọ́jú ẹ̀gbin ṣe ni. Síbẹ̀, bí òjò bá ti pọ̀, páìpù ayé àtijọ́ á kún, ẹ̀gbin á tú sódò. Wọ́n wá gbẹ́ ihò kan tó gùn tó kìlómítà 25 sábẹ́ ìlú náà láti máa gbà á, ní oṣù kejì 2025 ni wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán. Irú iṣẹ́ yẹn kò ṣeé fi àpò àti ìbọ̀wọ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n nínú odò kan náà, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ẹgbẹ́ Thames21 ṣe ohun tí ìjọba kò ṣe: wọ́n ń ka wáìpù, èyí tí wọ́n fi ń nu ìdí ọmọ tí àwọn èèyàn ń jù sínú ṣáláńgá olómi. Ó pọ̀ débi pé ó di òkìtì nítòsí afárá Hammersmith, kí wọ́n tó kó o kúrò ní 2025. Kíkà tí wọ́n ń kà á lọ́dọọdún ló fún àwọn tó ń béèrè òfin lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Kí ni àwọn tó ń ṣa etíkun ń kọ sínú ìwé?

Ìdí tí ẹ fi ń rí ẹnì kan tó mú bébà lọ́wọ́ láàárín àwọn tó ń ṣa ilẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Texas ní 1986, nígbà tí obìnrin méjì, Linda Maraniss àti Kathy O'Hara, kó nǹkan bí èèyàn 2,800 jọ. Wọn kò kàn ṣa ìdọ̀tí. Wọ́n ní kí oníkálukú kọ iye àti irú ohun tó bá rí. Láti ibẹ̀ ni Sátidé kẹta oṣù kẹsàn-án ti tàn ká ayé.

Bí ìwé bá fi hàn pé ọ̀rá omi píọ̀ wọ́tà ló pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tó ń ṣe omi náà àti bí wọn yóò ṣe máa gba ọ̀rá wọn padà. Bó bá jẹ́ àwọ̀n ẹja ló pọ̀ jù, ọ̀dọ̀ àwọn apẹja la ó lọ. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ìṣègùn, ilé ìwòsàn kan wà lókè tó ń dalẹ̀ sí kánààlì. Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí ní oṣù kìíní 2024, ó sì fi àwọn ike ẹ̀ẹ̀kanlò mìíràn kún un láti oṣù keje 2025. Báwo la ó ṣe mọ̀ bóyá òfin yẹn ń ṣiṣẹ́? Ẹ ka abọ́ fóòmù tó wà ní etíkun kan náà lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ nílẹ̀ wa kì í kà. Wọ́n á gbé àpò sórí ìwọ̀n, wọ́n á kéde iye tọ́ọ̀nù. Ìwọ̀n yẹn kò sọ púpọ̀, pàápàá bí iyanrìn tútù bá jẹ́ ìdajì ohun tó wà nínú àpò.

Ṣé kì í ṣe Sátidé ìmọ́tótó náà nìyí?

Rárá. Ìmọ́tótó ìparí oṣù tí ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀, túláàsì ni: kónílé ó gbélé títí di aago mẹ́wàá. Èkó fagi lé dídá èèyàn dúró sílé yẹn ní 2016. Ẹni tó bá rántí rẹ̀ yóò rántí pé a máa ń kó pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ gọ́tà jáde, a ó kó o jọ sẹ́bàá gọ́tà kan náà, òjò á sì gbá a padà kí ẹnikẹ́ni tó wá kó o. Olùyọ̀ǹda ara ẹni wá fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè mú un bí kò bá wá.

Kí ni kò yẹ kí a kó?

Láti 2011 ni ewéko òkun aláwọ̀ ilẹ̀ kan, sargassum, ti ń ya wọ etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ó ní àwọn nǹkan róbótó kéékèèké bí èso, tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn, òun ló jẹ́ kí ó máa léfòó. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe májèlé tí ẹnì kan dà sómi, bí àwọn kan ti ń sọ. Bó bá pọ̀ tó sì ń jẹrà, á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ó sì dára kí ọmọdé jìnnà sí i nígbà náà. Bí èyí tó gúnlẹ̀ bá jẹ́ díẹ̀, ẹ yọ ike inú rẹ̀, kí ẹ fi òun sílẹ̀. Akàn àti ẹyẹ ń rí oúnjẹ níbẹ̀.

Ẹ má fa ìtàkùn tó ń rá lórí iyanrìn tu, òun ló di iyanrìn náà mú. Bákan náà ni igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà: ẹ yọ ọ̀rá tó há mọ́ gbòǹgbò rẹ̀, kí ẹ má gé e láti lè ráyè. Ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sí etíkun wa lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, torí náà ọwọ́ àti ràkì kékeré ló yẹ iṣẹ́ yìí, kì í ṣe katapílà.

Níbo ni àpò tó kún ń lọ?

Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kankan. Ìgò oníke tó mọ́ ń rí ẹni rà á. Ọ̀rá tó kún fún iyanrìn ṣòro láti tà. Abọ́ fóòmù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹni tó fẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti ya àpò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á ti bá LAWMA, àjọ ìkólẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó, tàbí àwọn tó ń ra ike sọ̀rọ̀ ṣáájú. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ á fi àpò sílẹ̀ létí títì, ajá á tú u, òjò á sì dá a padà sí gọ́tà.

Ṣé àwọn ará àdúgbò lè yẹ omi wò?

Wọ́n lè ṣe é dé àyè kan. Abọ́ pẹlẹbẹ funfun tí Angelo Secchi, onímọ̀ ará Ítálì, ṣe ní 1865 ṣì ni wọ́n ń lò káàkiri ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fi àwọ̀ dúdú kún ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn náà: a ó so ó mọ́ okùn, a ó máa sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi, a ó sì kọ ibi tí ojú kò ti rí i mọ́. Omi tó dọ̀tí fún ẹrẹ̀ á tètè bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ kéékèèké tí a fi ń wọn iyọ̀ àti ọ́síjìn náà wà. Ti bakitéríà nìkan ló le: ìgò tó mọ́ tónítóní, yìnyín, àti ilé àyẹ̀wò tí a gbọ́dọ̀ dé láàárín wákàtí díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iye rẹ̀ á yí padà nínú ìgò.

Ẹni tí kò ní ọ̀kankan nínú wọn lè fi òjò ṣe òdiwọ̀n. Òjò ló ń fọ gọ́tà àti sọkawéè wọ ọ̀sà. Ní California, ìkìlọ̀ tí wọ́n ń ṣe ni pé kí èèyàn má wọ òkun fún wákàtí 72 lẹ́yìn òjò, bí etíkun ibẹ̀ tiẹ̀ ń dán. Àwa tí gọ́tà wa kún ju tiwọn lọ kò yẹ kí a ṣe kù sí ìyẹn, pàápàá nítòsí ibi tí kánààlì ti ń tú jáde.

LASEPA ni àjọ tí ìpínlẹ̀ Èkó gbé iṣẹ́ ìṣọ́ omi àti afẹ́fẹ́ lé lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tó ń ṣa etíkun kan léraléra lè kọ̀wé sí wọn, kí ó béèrè èsì àyẹ̀wò omi ibẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ ibi náà, ọjọ́ tí wọ́n ṣà á, bóyá òjò rọ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta tó ṣáájú, àti kánààlì tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, kí wọ́n sì fi ìwé tí wọ́n ka ìdọ̀tí sí ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.